Ọjà Gbangba àti Ẹnu Ibodè: Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Ẹ̀gbá fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí nínú ilé, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé tí ọmọ wà ni. Ní àtijọ́, bí ọmọ bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń pe ìlú wa ní Abẹ́òkúta, ìyá àgbà ni yóò lọ bá. Lónìí, fóònù ni ó ń bi. Kí ìyá àgbà tó tún ìró rẹ̀ so, fóònù ti dáhùn. Ohun tí ó wá kù tí àwa àgbà gbọ́dọ̀ bèèrè ni pé: ta ni ó kọ ìdáhùn náà síbẹ̀? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, ta ni ó lè tún un ṣe?

Ọ̀nà méjì ni a fi ń kọ nǹkan fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kìíní dà bí ẹnu ibodè ìlú láyé àtijọ́. Oníbodè jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ̀, ó jẹ́ kí ó kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀, ó dá a dúró, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò sí ẹrù tí yóò wọ ìlú tí ojú rẹ̀ kò ní rí. Ọ̀nà kejì dà bí ọjà gbangba. Ẹnikẹ́ni lè gbé igbá rẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí ó yẹ igbá náà wò kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, gbogbo ojú ọjà ni yóò máa wò ó. Bí òkúta bá wà nínú ẹ̀wà rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ariwo yóò fi ta. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń pè ní wiki.

Àwọn kan ń sọ pé ọjà gbangba dára ju ibodè lọ. Àwọn kan ń sọ pé ibodè ni ó dára jù. Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn méjèèjì yẹ̀ wò, kí a sì mọ èyí tí ó yẹ wá nínú ilé àti nínú ẹgbẹ́ wa.

OLÓTÙÚ KAN, Ẹ̀RỌ ÌTẸ̀WÉ KAN

Abẹ́òkúta kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Sódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá fi jáde nínú ìlú náà. Òyìnbó ìjọ C.M.S. kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Townsend ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ìròhìn yóò dé ọ̀dọ̀ olótùú. Olótùú yóò kà á, yóò mú èyí tí ó wù ú, yóò sì ju èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ń to lẹ́tà yóò tò ó, tí ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ àwọn ará ìlú yòókù ni kí wọ́n kà á, tàbí kí wọ́n bẹ ẹni tí ó mọ̀wé kí ó kà á fún wọn.

Ètò yìí ní ire tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ mọ ẹni tí yóò yìn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì dùn mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí yóò lọ kàn. Orúkọ olótùú wà lórí iṣẹ́ náà, òun ni yóò sì dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí oníbodè kò bá rí, tàbí tí kò bá kà sí, kò ní wọ ìlú. Ìyá tí ń pa aṣọ láró ní Abẹ́òkúta nígbà náà kò ní ọ̀nà tí ó lè fi sọ fún olótùú pé, “Ẹ jọ̀ọ́, báyìí kọ́ ni ó rí.” Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí Ifọ́lé dé ní ọdún 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròhìn náà bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ilé kan, ẹ̀rọ kan, olótùú kan: nígbà tí ilé wó, gbogbo rẹ̀ wó pọ̀.

KÍ NI WIKI?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1995, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Ward Cunningham gbé ìkànnì kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè máa kó ọgbọ́n iṣẹ́ wọn jọ sí ojú kan, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń dúró de ẹnì kan. Ó rántí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ní erékùṣù Hawaii, tí wọ́n ń pè ní Wiki Wiki. Ní èdè àwọn ará Hawaii, ìtumọ̀ wiki ni kíá. Wiki wiki sì ni kíákíá. Ẹ rí i pé bí àwa náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè múná ni àwọn náà ń ṣe.

Ojú ewé wiki kò dà bí ojú ewé ìwé. Bí o ti ń kà á ni ibi tí a ti ń tún un kọ wà lókè rẹ̀. Bí o bá rí àṣìṣe, o lè tẹ ibẹ̀, kí o tún un ṣe, kí o sì fi í pamọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ayé yóò rí ohun tí o kọ.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò ní, “Háà! Wèrè kò ha ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kan?” Ìdáhùn ni pé ohun tí a kọ sórí wiki kì í parẹ́. Ìwé ìtàn kan wà lẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yí padà, ọjọ́ àti wákàtí tí ó yí i padà, àti orúkọ tí ó fi ṣe é. Bí ẹnì kan bá ba ojú ewé jẹ́, ẹlòmíràn lè dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú ewé ìjíròrò tún wà, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kò bá yé tàbí tí wọn kò fẹnu kò ti lè bá ara wọn sọ ọ́.

Ìdílé Mùsùlùmí kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Àwọn onímọ̀ hàdíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n á bèèrè pé: lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ? Lẹ́nu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ? Irú ènìyàn wo ni? Ìwé ìtàn ẹ̀yìn wiki kì í ṣe sánádì, nítorí kò sí ẹni tí ó ń wádìí ìwà gbogbo àwọn tí ó kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìròhìn orí fóònù kò fún wa.

OHUN TÍ IBODÈ MÉJE ṢE

Wikipedia ni wiki tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé lẹ́nu ibodè ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger dá ìwé ìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Nupedia. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni yóò máa kọ ọ́, àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ la ìpele àyẹ̀wò méje kọjá kí ó tó jáde. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan fi máa pé, àpilẹ̀kọ 21 péré ni ó ti kọjá ibodè méjèèje.

Nígbà náà ni wọ́n ṣí ọjà gbangba kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù Kíní ọdún 2001, wọ́n sì pè é ní Wikipedia. Ní oṣù kìíní nìkan, àpilẹ̀kọ bí 200 ni ó wọlé. Kí ọdún tó yí po, ó ti sún mọ́ 20,000. Nupedia pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ní ọdún 2003. Lónìí, Wikipedia wà ní èdè tí ó lé ní 300, ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì lé ní mílíọ̀nù 6 àpilẹ̀kọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ibodè tí ó bá le jù, ebi ni yóò pa ìlú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

ṢÙGBỌ́N ỌJÀ PẸ̀LÚ NÍ ÌJÀǸBÁ TIRẸ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan tí kò fi orúkọ rẹ̀ hàn kọ irọ́ ńlá sórí Wikipedia nípa àgbà akọ̀ròhìn Amẹ́ríkà kan, John Seigenthaler. Ó kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n fura sí i pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy. Irọ́ pátápátá ni. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni irọ́ náà fi wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Lẹ́yìn ariwo tí ó tẹ̀ lé e, Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá ojú ewé tuntun sílẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kejìlá kan náà, ìwé ìròhìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature fún àwọn onímọ̀ ní àpilẹ̀kọ 42 láti inú Wikipedia àti láti inú Encyclopaedia Britannica, pé kí wọ́n ka àṣìṣe inú wọn. Àṣìṣe bí mẹ́rin ni wọ́n rí nínú àpilẹ̀kọ Wikipedia kọ̀ọ̀kan, bí mẹ́ta sì ni wọ́n rí nínú ti Britannica. Àwọn ará Britannica kò gba àyẹ̀wò náà wọlé, wọ́n fi ìbínú kọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ó fi hàn wá pé olótùú kì í ṣe màlékà, àti pé ọjà gbangba kì í ṣe ilé irọ́ bí a ti rò ó.

Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn kan wá ọ̀nà àárín. Láti ọdún 2008, ní Wikipedia èdè Jámánì, bí ẹni tuntun bá tún nǹkan ṣe, àtúnṣe náà kò ní hàn sí gbogbo ènìyàn títí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pẹ́ yóò fi wò ó. Ọjà ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n wọ́n fi àgbà ọjà kan sí ẹnu rẹ̀.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, a ó rí i pé ìyàtọ̀ ọjà àti ibodè kì í ṣe pé ọ̀kan ní àyẹ̀wò, èkejì kò ní. Àwọn méjèèjì ní in. Ìyàtọ̀ wọn ni ìgbà tí àyẹ̀wò ń wáyé. Ẹnu ibodè ń yẹ ẹrù wò kí ó tó wọlé. Ọjà ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ó ti wọlé. Nítorí náà, ọjà tí kò bá ní ojú púpọ̀ tí ń wò ó, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sí nìyẹn.

TI ÈDÈ YORÙBÁ ŃKỌ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Wikipedia ní èdè Yorùbá ti wà láti ọdún 2002. Àwọn ọmọ Yorùbá tí kò gba kọ́bọ̀ ni ó ń kọ ọ́, wọ́n sì ti kọ àpilẹ̀kọ tí ó lé ní 30,000. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a kí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ kò pọ̀ rárá bí a bá fi wọ́n wé iye ènìyàn tí ń sọ Yorùbá. Ọjà náà fẹ̀, ojú tí ń wò ó kò tó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Scotland. Wọ́n ní èdè kan tí ń jẹ́ Scots, ó sì ní Wikipedia tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè náà ni ó kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ inú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń fi ẹnu èdè náà ṣeré. Kò fẹ́ ibi. Ó rò pé òun ń ran èdè náà lọ́wọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ariwo tó ta, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kì í lọ síbẹ̀.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Yorùbá. Ẹ̀rọ wà nísinsìnyí tí ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọmọdé kan bá gbé ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ sórí Wikipedia láìtún un kà, ọkọ̀ lè di ọkọ, ìgbá lè di igba, aró tí a fi ń pa aṣọ lè di arọ. Àmì orí ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1875, nígbà tí àwọn onímọ̀ pàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, ni wọ́n ti ń ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà kò fi ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ wa ń bi ní ìbéèrè iṣẹ́ ilé, ń kọ́ èdè láti inú ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà jù lọ. Ìwé Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àṣìṣe kan tí a bá fi sílẹ̀ lórí ojú ewé Yorùbá lónìí lè di ohun tí ẹ̀rọ yóò máa sọ fún ẹgbẹ̀rún ọmọ lọ́la.

ỌJÀ TÍ Ń BÈÈRÈ ÌWÉ

Ọ̀kan nínú àwọn òfin Wikipedia wà tí ó yẹ kí àwọn ìyá wa ní Ìtòkú mọ̀. Òfin náà ni pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó jẹ́rìí sí i: ìwé títẹ̀, ìwé ìròhìn, tàbí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Òfin náà dára, nítorí òun ni ó ń lé irọ́ jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń fà.

Ìyá kan wà tí ó ti ń ṣe àdìrẹ láti ìgbà ọmọdé. Ó mọ àdìrẹ oníko tí a ń so, ó mọ alábẹ́rẹ́ tí a ń rán, ó mọ ẹlẹ́kọ tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ yà. Ó mọ orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tí ó kọ́ ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kọ gbogbo rẹ̀ sórí Wikipedia. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan ti pa á rẹ́. Ọmọ náà bínú, ó sáré bá ìyá rẹ̀.

“Màmá, wọ́n ní a kò ní ẹ̀rí.”

“Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Ọwọ́ mi tí ó ti dúdú yìí ńkọ́?”

Àpẹẹrẹ lásán ni a fi èyí ṣe, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kì í ṣe àlá. Ọjà gbangba ni, síbẹ̀ ó ní oníbodè tirẹ̀, ìwé ni oníbodè náà sì ń bèèrè. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ wà ní ọwọ́ àti ní ẹnu yóò dúró síta, ẹni tí ó wá wò ó ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì kọ ìwé kékeré yóò wọlé.

Ìtàn aláró Abẹ́òkúta kì í sì í ṣe ti ọnà aṣọ nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí sódà àti aró òyìnbó. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de lílo wọn, àwọn obìnrin aláró sì ta kò ó. Kò pé ọdún ogún lẹ́yìn náà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde lòdì sí owó orí. Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1949, ó sì padà ní oṣù Kejìlá ọdún 1950. Ìwé ìjọba wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ọ̀mọ̀wé náà sì ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn sọ fún àwọn ọmọ wọn lẹ́bàá ìkòkò aró, mélòó nínú rẹ̀ ni ó wà ní títẹ̀?

Ohun tí ó yọ wá nínú ìṣòro yìí ni pé kí ọjà àti ibodè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ aláàdìrẹ lè yan ẹni mẹ́ta tí ó mọ iṣẹ́ àti ẹnì kan tí ó mọ̀wé. Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ara wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí ìwé lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ibodè nìyẹn. Nígbà tí ìwé náà bá jáde, tí ilé ìkàwé sì ní in, ẹni tí ń kọ Wikipedia ní ohun tí yóò tọ́ka sí. Ohun tí olótùú ti fi ọwọ́ sí ni yóò di ẹ̀rí nínú ọjà.

BÍ IBODÈ ÒDE ÒNÍ TI RÍ

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó ní ìkànnì tirẹ̀, irú ètò tí wọ́n sì fi ń ṣe é jọ ara wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni WordPress, tí ó ti wà láti ọdún 2003. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, a ń pín iṣẹ́ fún ènìyàn. Òǹkọ̀wé lè kọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé e jáde. Olótùú lè tún un ṣe, òun ni ó sì ń gbé e jáde. Alákòóso ni ó mú kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé, òun ni ó ń fún ènìyàn láyè tí ó sì ń gbà á padà. Àwọn tí ó wà níta lè kà á nìkan.

Ewu ibodè òde òní kò yàtọ̀ sí ti ọdún 1867. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ìkànnì, tí ó wá rìnrìn àjò, tàbí tí ó bá ẹgbẹ́ jà, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé, ìkànnì ti kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a kò bá san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, kí kọ́kọ́rọ́ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí kò tó méjì.

Àwa tí a wà ní WhatsApp pàápàá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ti lè sọ̀rọ̀, ọjà gbangba ni: ìkíni, àdúrà, àwòrán ìkómọ, àti irọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí alákòóso nìkan ti lè sọ̀rọ̀, ẹnu ibodè ni. Ṣùgbọ́n ọjà WhatsApp kò tó wiki, nítorí kò ní ojú ewé tí a jọ ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń ṣàn bí odò Ògùn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lánàá nípa oríkì ilé, a kò ní rí i mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

ÈWO NI KÍ A MÚ?

Ẹ má jẹ́ kí a máa bèèrè pé èwo ni ó dára jù. Kí a bèèrè pé: irú ọ̀rọ̀ wo ni a fẹ́ kọ?

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, ibodè ni ó yẹ ẹ́. Ìwé àjọ, owó oṣooṣù ẹgbẹ́ àsàláátù, àkọsílẹ̀ ẹni tí ó yá owó: kí akọ̀wé àti akápò nìkan lè kọ nǹkan sí i, kí àwọn yòókù sì lè kà á. Bákan náà ni ìwé tí ó jẹ́ ohùn ẹgbẹ́ sí ìjọba tàbí sí ìta, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kan ìlera. Níbi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ dáhùn fún ọ̀rọ̀, kí orúkọ ẹni náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ ohun tí olúkúlùkù mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò sí ẹnì kan tí ó mọ gbogbo rẹ̀, wiki ni ó yẹ ẹ́. Oríkì orílẹ̀ jẹ́ irú rẹ̀. Ìyá àgbà ní Aké mọ apá kan, àǹtí ní Òwu mọ apá kan, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní ìlú London rántí ìlà mẹ́ta tí bàbá kọ́ ọ. Orúkọ àwọn baba ńlá, orúkọ abúlé àtijọ́, bí a ti ń se oúnjẹ kan: kí ọwọ́ gbogbo wà níbẹ̀. Wiki pàápàá kò sì di dandan kí ó ṣí sí gbogbo ayé. A lè ṣe é kí mọ̀lẹ́bí nìkan máa wọ ibẹ̀, kí ọjà wà nínú ọgbà ilé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àárín méjèèjì ni, ètò ìwé Google tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ti mọ̀ lè ṣe é. A lè jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ dábàá àtúnṣe, kí ẹni méjì sì máa gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ohun tí a bá fi sórí Wikipedia ti di ti gbogbo ayé. Ẹlòmíràn lè mú ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán náà lò, kódà kí ó fi tà, bí ó bá ti dárúkọ ibi tí ó ti mú un. Nítorí náà, àṣírí ilé, àwòrán ọmọ, àti ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín tọkọtaya, kí ó má ṣe débẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ mọ Yorùbá, òun ni ó sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń ka ojú ewé Yorùbá nípa Abẹ́òkúta lórí fóònù, ẹ ní kí ó kà á sókè sí etí yín. Ibi tí etí yín bá ti ta kò ó, kí ó fi àmì sí i. Kí ó ṣí ìwé ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wo ẹni tí ó kọ ọ́ àti ìgbà tí ó kọ ọ́. Kí ó wo ìsàlẹ̀ bóyá ó ní ìwé tí ó jẹ́rìí sí i. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ ni kò tọ́, kí ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, kí ó wá ìwé rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí a kò bá sì fẹnu kò, kí ó gbé e lọ sí ojú ewé ìjíròrò, kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà.

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó. Ilé mẹ́wàá tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti di ogún ojú nínú ọjà. Àkókò tí olótùú kan ṣoṣo ń kọ ìtàn Ẹ̀gbá fún gbogbo Ẹ̀gbá ti kọjá láti ọdún 1867. Ọjà ti ṣí, ìsọ̀ sì ṣófo. Bí àwọn onílé kò bá gbé igbá tiwọn wá, ẹ má bínú nígbà tí àlejò bá ń ta ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.